Ojú Kọ́ La Fi Ń Mu Omi

Rùkáyátù Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ nílé, kí ó má bá ọ ní ọsibítù. Kí ó bá Kàmórù ọkọ rẹ lórí ìdúró, kí ó sì bá Básítì kékeré níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ ta aṣọ nù. Mo mọ̀ pé wàá ní, "Kí ló dé tí Bàbá kò pè mí lórí fóònù?" Mo pè ọ́. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, o ní, "Bàbá, ẹ má dààmú ara yín, n ó máa se omi náà." Kí n tó la ẹnu, ọmọ ti ké, o ti lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí a ń sọ nígbà tí ọmọ bá ń ké. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ọjọ́ tí o sọ fún mi pé o ti rí iṣẹ́ olùkọ́ sí Òmù-Àrán níbí, àti pé inú ilé wa ni ìwọ àti ọkọ rẹ ó máa gbé títí ẹ ó fi rí tiyín, mo tẹ́ ẹní, mo kí ìrun nọ́fílà ọpẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ohùn mi nìkan ni mo ń gbọ́ nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n o fi ọ̀rọ̀ kan kún un. O ní, "Inú mi dùn pé omi kànga tí wọ́n fi tọ́ mi ni ọmọ mi náà máa mu." O ń rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn dáadáa mọ́.

Mo mọ̀ pé ìpayà ni ẹ mọ̀ mọ́ mi. Ìyá rẹ a máa pè mí ní Bàbá Ẹ̀rù. Kàmórù a sì máa pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu nígbà tí mo bá bi í bóyá ó ti yẹ táyà ọkọ̀ wò. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí.

Àwẹ̀ró, má ṣe fi omi kànga ilé wa po oúnjẹ fún Básítì. Sísè kò tó. Bí o bá ti ka ibí yìí tí ọmọ bá ké, lọ gbé e, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí àyè bá ṣì wà, kà á dópin, kí o lè mọ ìdí rẹ̀.

O mọ bí ilé wa ṣe wà. Ìsàlẹ̀ ni a wà. Gbogbo ilé tó wà lókè wa ló ní ṣaláńgá lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ sì rọra dà gẹ̀rẹ́ títí dé ẹnu kànga wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga gbogbo àdúgbò bá gbẹ tí wọ́n ń fa ẹrẹ̀, tiwa a máa kún. Tàgbà tèwe a gbé kẹ́ẹ̀gì wá, wọ́n a tò. Oníkànga-kì-í-gbẹ ni wọ́n ń pe bàbá mi. Nígbà tí ó kú, mo jogún orúkọ náà bí ẹni jogún oyè, mo sì ń rìn bí olóyè. N kò bi ara mi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé: omi tó gbẹ lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn, níbo gan-an ni tiwa ti ń wá?

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ń gbìyànjú láti sọ fún wa. Ẹnikẹ́ni kò da ajílẹ̀ sí i rí, síbẹ̀ ìtì rẹ̀ kan a tó ẹrù ọmọdé. Mo ń fi í hàn fún àlejò. Mo ń sọ pé, "Ilẹ̀ wa ló ní ìbùkún." Ilẹ̀ wa ní nǹkan lóòótọ́, kì í ṣe ìbùkún ni.

Ẹnìkan wà tó kìlọ̀ fún wa kí a tó gbẹ́ kànga náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama nígbà náà ni. Wolé-wolé kan, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ yẹ ilé onílé wò, bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ́ sàmì sí ilẹ̀. Ó wo ṣaláńgá, ó wo ibi àmì. Ó ní, "Bàbá, ẹ má gbẹ́ ẹ síbí. Ẹ gbé e lọ sókè lọ́hùn-ún." Bàbá mi ní àpáta ló wà lókè. Wọ́n gbẹ́ ẹ síbi àmì náà.

Nígbà tí omi jáde tán, ọkùnrin náà padà wá, ó ní kí a má mu ún. Àwọn ènìyàn ti pé lé e lórí. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó ilé ìwé tí bàbá mi san kò ṣòfò. Mo bu omi sínú kọ́ọ̀pù onígíláàsì, mo gbé e sókè sí oòrùn, mo sì ka ohun tí olùkọ́ wa kọ́ wa jáde lédè Òyìnbó, kí n tó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: omi dáadáa kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn. Mo fi ti Àfáà kún un, nítorí ilé kéwú náà kọ́ wa pé omi tí àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ àti adùn rẹ̀ kò bá yí padà, ó mọ́ fún àlùwàlá. Mo ní, "Ilé ìwé jẹ́rìí sí i, ilé kéwú jẹ́rìí sí i. Kí lẹ tún fẹ́?"

Ariwo sọ. "Akọ̀wé! Akọ̀wé wa!"

Wolé-wolé wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ ìwé, ṣé ojú lo fi ń mu omi ni?"

Àbúrò bàbá mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Wolé-wolé, lọ wolé tìrẹ!" Ẹ̀rín pa gbogbo agbo. Ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo gbé kọ́ọ̀pù yẹn sẹ́nu, mo mu ún tán lójú wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò ládùn ni o, síbẹ̀ ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ti rò ó títí, ọmọ mi. Olùkọ́ kò parọ́, Àfáà kò parọ́. Èmi ni mo mú òfin àlùwàlá, mo sọ ọ́ di òfin ikùn. Èdè wa náà sì ràn mí lọ́wọ́ láti ṣìnà. Omi tí a rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ní ó mọ́. Omi tí kò lè ṣe ara níbi, a ní ó mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan méjì. Nígbà òjò, tí omi bá pọ́n, ìyá rẹ a ro álọ́ọ̀mù sínú ìkòkò, òkúta funfun yẹn, gbogbo ìdọ̀tí a sì sọ̀kalẹ̀ sí ìdí. A ní, "Ó ti mọ́." Ó mọ́ lójú.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Sàdíátù.

O mọ̀ pé o ní àbúrò kan tí kò dúró. O kéré nígbà náà, bóyá o rántí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé rẹ̀. Àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọyàn kò sun. Mílíìkì alágolo ni a fi ń tọ́ ọmọ náà. Mo sì jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ra, o mọ̀ mí. Èmi fúnra mi ni mo ń dáná omi rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a sè é kó hó lẹ́ẹ̀kan, èmi a jẹ́ kí ó hó títí tí yóò fi fà dé ìdajì ìkòkò, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọmọ náà kò yàgbẹ́ gbuuru, ara rẹ̀ kò gbóná. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ètè rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá ń ṣú, bí ọwọ́ ẹni tó fara kan aró. A ní òtútù ló mú un. A fi àdí pa á lára, a gbé e súnmọ́ iná. Ìyá rẹ ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kú lórí itan ìyá rẹ. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá fẹ́ lọ kò ṣeé dè mọ́lẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Wolé-wolé obìnrin kan wá sí àdúgbò wa, ọ̀dọ́ ni, ó ń bu omi kànga sínú ìgò kéékèèké láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó padà, ó bá mi jókòó. Ó ní nǹkan méjì ló wà nínú omi wa. Èkíní ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru. Èyí, iná ń pa á. Èkejì jẹ́ ohun tó ń ti inú ṣaláńgá sun sínú ilẹ̀, tó ń yọ́ bí iyọ̀, tí ojú kò rí, tí ahọ́n kò mọ̀. Ó ní àgbàlagbà lè mu ún kó má mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi po mílíìkì fún, ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára, kí ara rẹ̀ máa ṣú.

Mo ní, "Tí a bá sè é ńkọ́?"

Ó ní, "Bàbá, tí ọbẹ̀ bá ń gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ rẹ̀ ń dín ni àbí ó ń le sí i?"

Mo rántí ìkòkò tí mo ń jẹ́ kó fà dé ìdajì. Mo sọ ti Sàdíátù fún un, mo ní kó sọ fún mi bóyá omi ni. Ó ní, "Bàbá, n kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè jẹ́rìí." Inúure ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò lè gbé Kùránì búra pé omi ni. Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró. Mo rí èékánná rẹ̀.

Nítorí náà, gba ìmọ̀ràn mi.

Èkíní, Básítì. Bí ọyàn bá ń sun, ọyàn ni kó máa mu, kó má kọ́kọ́ mọ omi kankan. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ lè má gbà fún un. Bí o bá fẹ́ po mílíìkì, omi bọ́họ̀ọ̀lù tó wà lókè, lẹ́bàá ilé ìwé, ni kí o lò, kí o sì sè é níwọ̀nba. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dára. Má gbà á nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Èmi ti sọ pé omi kan dára rí. Bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, kí o sì ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn òjò. Bí o bá rí i pé ètè ọmọ tàbí èékánná rẹ̀ ń ṣú, má wá mi kiri, má wá àdí, má dáná. Ọsibítù ni.

Èkejì, ìwọ àti ọkọ rẹ. Omi tí ẹ ó mu, ẹ sè é kó hó dáadáa, ẹ bò ó, ẹ gbé e sínú ike tó ní ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe bíi ti ilé wa àtijọ́, tí ife kan ṣoṣo wà lórí àmù, tí ẹni tó ti oko dé, ẹni tó ń fọ ọmọ nídìí, gbogbo wọn ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èmi ni mo ra ife náà. Mo fi ẹ̀wọ̀n dè é kí wọ́n má baà jí i. Ìyẹn ni ẹ̀rù tó ń bà mí nígbà náà: olè.

Ẹ̀kẹta, Kàmórù ní òun fẹ́ dáko iṣu díẹ̀ sí ọ̀nà Èsìẹ́. Ó dára. Sọ fún un pé kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gbé oògùn apakoríko, kò tún gbọdọ̀ gbé omi mọ́ láé. Mo fi iyanrìn àti ọṣẹ fọ ọ̀kan rí, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan, mo fi gbé omi lọ fún àwọn tó ń bá mi kọ ebè. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀kan nínú wọn ti dojú dé inú ebè, ó ń bì. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí a bá pàdé lọ́nà, tí mo ní kó wá bá mi jẹun, a fi ọwọ́ mú ìgò omi tirẹ̀ sókè hàn mí, a sì rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín.

Omi inú ọ̀rá ńkọ́? Wàá bi mí. Má torí pé wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ gbà pé ó mọ́. Wo ara ọ̀rá bóyá orúkọ àti nọ́ńbà ìjọba wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n kó jọ sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé tiyín, ẹ wá ibi omi kí ẹ tó wá ibi yàrá. Ẹ wo òkè yín, kì í ṣe iwájú yín nìkan. Kí ṣaláńgá jìnnà, kí ó sì wà nísàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá kìlọ̀ fún yín, bó ti wù kí ẹ kàwé tó, ẹ fún un ní àga. Mo ti gbàgbé iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé. Jẹ́ kí n fi kíkà sílẹ̀.

Mo kọ ọ́ sára kànga pé KÒ ṢEÉ MU. Ọ̀dà pupa ni mo fi kọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ará àdúgbò ti dé. Ìyá Mulíkà tó ń ta èlùbọ́ lójúde ní, "Bàbá Rùkáyà, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ahun ti dé!" Mo ní kí wọ́n máa pọn ọ́n fún aṣọ fífọ̀, fún ìwẹ̀, fún àlùwàlá. Ó ní, "Nínú àlùwàlá, ṣé a kì í yọ ẹnu ni? Àbí kí á fi ahọ́n sílé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín mi. Èmi, tí mo máa ń bẹ̀rù, mo lọ bá Àfáà nítorí ẹnu yíyọ yẹn. Ó ní, "Ẹ yọ ọ́, ẹ tu ú dànù. Ta ló ní kí ẹ gbé e mì?" Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan ń gòkè lọ pọnmi báyìí. Àwọn kan ṣì ń mu ún. Mo ń gbọ́ dídún okùn wọn láàárọ̀, àyà mi a sì máa já bí ẹni pé inú mi ni korobá náà ń bọ́ sí.

Ó ku ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n mi Rábíátù, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ìwọ Ràṣídì, omi tí Bàbá wa gbẹ́ ni o wá sọ di májèlé?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò pè é ní májèlé."

"Ṣé o ti mu ún?"

"Mo ti mu ún."

"Ṣé o kú?"

Mo ní rárá.

"Ó dára. Bí o bá kú tán, wá sọ fún mi."

Ó wá ní Èkó ni wọ́n ti sọ Básítì lórúkọ, ọmọ náà kò tíì tọ́ omi ilé wò, nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, òun yóò fi omi kànga kàn án lẹ́nu lójú ọ̀nà, kó lè mọ ibi tó ti wá. Ó ti fọ abọ́ tánganran ìyá wa sílẹ̀. Ó tún sọ pé díẹ̀ ṣínńṣín ni. Bóyá díẹ̀ ṣínńṣín kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbà fún un lójú ọ̀nà, yóò máa fún ọmọ mu nínú ilé, ní ọjọ́ tí o bá lọ síbi iṣẹ́ tí o sì fi ọmọ sílẹ̀ fún un.

Kí ni mo sọ? N kò sọ nǹkan kan. Ohun gbogbo ló ń bà mí lẹ́rù láyé, ṣùgbọ́n Rábíátù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tó yẹ kí n dákẹ́, mo gbé kọ́ọ̀pù sókè, mo ń sọ Òyìnbó. Nísinsìnyí tó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ẹnu mi wúwo.

Nítorí náà, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí. Ẹ má rìn lálẹ́, ọ̀nà kò dára. Ojúmọmọ ni kí ẹ wọlé. Wàá bá mi lórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà. Bí Ìyá Àgbà bá gbé abọ́ dé, kúnlẹ̀. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí o bá wò mí, tí ojú mi bá ń sọ pé kí o jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, má wo ojú mi. Ojú mi ti tàn wá jẹ rí.

Da omi náà sí Básítì lẹ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Sọ pé ẹsẹ̀ ni kó fi mọ omi ilé. Ó dára fún ẹsẹ̀. Orúkọ tí mo kì ọ́ ni Àwẹ̀ró, omi kànga náà ni wọ́n fi wẹ̀ ọ́, wíwẹ̀ kò sì ṣe ọ́ ní nǹkan.

Ìyá Àgbà yóò pariwo. Yóò bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ. Má sọ pé wolé-wolé ni, má sọ pé ilé ìwé ni. Sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó ń fa omi lẹ́yìnkùlé lè gbọ́, pé bàbá rẹ ni. Bí mo bá gbọ́ orúkọ mi, n ó dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràṣídì, tí wọ́n ń pè ní Oníkànga-kì-í-gbẹ tẹ́lẹ̀.